Ẹ̀yin tíṣà tuntun, ẹ gbọ́ ti pankẹ́rẹ́ mi

Oṣù tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ọjọ́ tí wọ́n ń dágbére fún mi gan-an ni tíṣà kékeré kan fọ́ ọmọbìnrin JSS 1 létí lójú gbogbo wa. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn sà, olórí kunkun ni." Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Àkọ́kọ́, ẹ jìnnà sí ara ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀wọ̀n gbére ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 là sílẹ̀ fún ẹni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀. "Òun náà gbà" kì í ṣe àwíjàre níbẹ̀. "Mo rò pé ó ti dàgbà" náà kì í ṣe é. Àwọn ti yunifásítì ò yọ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán ọ̀jọ̀gbọ́n OAU kan lẹ́wọ̀n ọdún 2, torí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá bá òun sùn kó lè gba máàkì. Ohùn rẹ̀ tí ọmọ náà gbà sílẹ̀ lórí fóònù ló tú u fó.

Ìkejì, bí ẹ bá ṣìwà hù, TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ tó sì fún yín níwèé àṣẹ, lè yọ orúkọ yín kúrò.

Ìkẹta ni pankẹ́rẹ́. Ọdún 1998, ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ JSS 2 kan pẹ́ dé, mo tò wọ́n. Ẹnì karùn-ún ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi ni mo lọ pọn fún màmá mi." Mo ní kó na ọwọ́. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú, ẹnu pankẹ́rẹ́ sì bá a ní ojú òsì.

Ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ sáré dé. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ni mo fà á lé lọ́wọ́." Àbúrò bàbá ọmọ ló mú ọlọ́pàá wá, àgọ́ wọn ni mo sùn mọ́jú.

Lọ́ọ̀yà tí ẹgbẹ́ wa rán wá ṣí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sí abala 295. Òfin gbà kí wọ́n bá ọmọ wí, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ di egbò, kò sì gbọ́dọ̀ ju ohun tí ọjọ́ orí àti ara ọmọ náà lè gbà lọ. Mo ní ojú kọ́ ni mo fẹ́ nà. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé egbò wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

Ọ̀gá wa tó fọwọ́ ara rẹ̀ ra pankẹ́rẹ́ náà lọ́jà, tó pín in fún wa, kọ̀wé pé òun ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, pé orúkọ mi ò sí nínú ìwé ìbáwí, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn tó láṣẹ láti na ọmọ. Ìwé tí kò jẹ́ ká fojú kàn rí! Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló gbé pankẹ́rẹ́ sókè.

Oṣù 7 ni wọ́n fi dá mi dúró, àbọ̀ owó oṣù ni mò ń gbà. Mo ta ọ̀kadà mi san owó ọsibítù. Àwọn àgbà bẹ ẹbí rẹ̀ kí wọ́n tó jáwọ́ nínú ẹjọ́, síbẹ̀ wọ́n já ìpò mi wálẹ̀; àwọn tí mo ṣáájú dénú iṣẹ́ di igbákejì ọ̀gá ṣáájú mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ na ọmọ, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ ó rí i bóyá yóò kọ ọ́.

Ilé ìwé yẹn náà ni wọ́n dá mi padà sí. Ọmọ náà ti wà ní JSS 3, iwájú ló sì ń jókòó. Bí mo bá ti kọ nǹkan sójú pátákó, á kọ́kọ́ yí orí sápá òsì, kí ojú ọ̀tún lè rí i, kó tó máa dà á kọ.