Ẹ Má Jẹ́ Kí Ewé Tútù Tàn Yín Jẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ igbó, wọ́n á ti sọ fún yín pé oúnjẹ igi ni náítírójìn. Òótọ́ ni, àgbẹ̀ tó ń da yùríà sídìí àgbàdo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ èyí tó ń jáde nínú èéfín mọ́tò àti ilé iṣẹ́, àtèyí tó ń gbéra nínú ìgbẹ́ màlúù, tí òjò wá ń gbé bọ́ sórí igbó, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n fún igi.

Harvard Forest, igbó ìwádìí Yunifásítì Harvard ní Petersham, ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló là mí lójú. Ní 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ajílẹ̀ sábẹ́ igi níbẹ̀, nínú igbó oak, igi eléwé fẹ̀ǹfẹ̀, àti nínú igbó red pine, igi eléwé bí abẹ́rẹ́. Ibì kan ń gba 50 kílò náítírójìn lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, ibì kan 150, ibì kan kò gba nǹkan kan. Igi oak ń sanra sí i. Red pine ńkọ́? Níbi tí wọ́n ti ń da 150, náítírójìn ń pọ̀ nínú ewé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni igi fúnra rẹ̀ kò dàgbà mọ́. Nígbà tó fi máa di 2002, èyí tó ti kú ju ìdajì lọ. Kódà nínú igbó oak, nígbà tí ọ̀dá dá ní 1995, red maple, igi mìíràn tó wà láàárín wọn, kú níbi tí ajílẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Náítírójìn tí igi ò lè lò mọ́ á di nitrate, omi á wọ́ ọ lọ, kò sì ní í dá lọ: á kó calcium àti magnesium, tí wọ́n jẹ́ oúnjẹ igi náà, dání. Ilẹ̀ á kan, aluminium inú rẹ̀ á tú sínú omi, á sì máa ba gbòǹgbò wẹ́wẹ́ jẹ́. Olú tó ń bá gbòǹgbò ṣe pàṣípààrọ̀, tó ń gba ṣúgà tó sì ń fún igi ní phosphorus, oúnjẹ igi mìíràn, náà á dín kù. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti wọn ìyípo igi tán, ẹ já ewé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ fi magnesium inú rẹ̀ wé náítírójìn inú rẹ̀. Èmi fọkàn tán ìyẹn ju téèpù lọ.

Ẹ má sì gbé àbájáde Petersham wá sí Omo Forest Reserve nípìínlẹ̀ Ògùn bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ igbó ilẹ̀ olóoru, náítírójìn kì í sábà wọ́n. Phosphorus ló ń wọ́n. Náítírójìn tó bá ti òkè bọ́ lè má mú igi kankan sanra, kó kàn gba inú ilẹ̀ kọjá sódò. Tó bá jẹ́ èmi ni, omi odò ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ bù lọ yẹ̀ wò.