Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ àti eré: Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nínú agbo ilé ní Nàìjíríà, ọmọ kì í wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ tì. Bí ìyá ṣe ń wẹ̀ ẹ́ ló ń kì í, àwọn ẹ̀gbọ́n sì ń ṣe bojúbojú yí i ká. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé báyìí, bàbá àti ìyá ló ń sáré iṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì ń fi ọmọ tì. Tẹlifíṣọ̀n kò lè dá ọmọ lóhùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti sọ lọ́dún 2019 pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 jókòó tì í rárá.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi níbí mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ: wọ́n mọ bí a ti ń dúró de ọmọ. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá bi ọmọ ní nǹkan, kó tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbà á dáhùn. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé tọmọ, wọ́n á wo ohun tó mú dání, wọ́n á sì ka ení, èjì dé ẹ̀wá sínú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bó bá ní "bọ́ọ̀lù", wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kan lé e, bíi "bọ́ọ̀lù ńlá". Wọn kì í fipá mú un tún un wí.

Yorùbá ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ bu omi díẹ̀ sí abọ́, ẹ fún ọmọ ní ife méjì, ẹ má sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ohun ìṣeré bá ti pọ̀ jù, yóò kàn máa ti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn ni. Bó ṣe ń bù ú, ẹ máa wí pé: "Ó kún. Dà á. Ó tán." Gbólóhùn mẹ́ta yẹn náà ni kí ẹ máa tún wí. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í ni ìbéèrè: "Kí nìyí? Àwọ̀ wo nìyí? Mélòó ni?" Eré ti di ìdánwò nìyẹn, ọmọ á sì panu mọ́.

Ó dùn wá pé àwọn kan ń pa Yorùbá tì ní gbàrà tí ọmọ bá pẹ́ sọ̀rọ̀. Èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu. Ẹ ka ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì pọ̀: ọmọ ọdún 2 tó mọ 30 ní Yorùbá àti 20 ní Gẹ̀ẹ́sì ti ní 50. Bí iye tí a ń retí nìyẹn, kó sì ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "omi tán".

Níbí, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní health visitor ló yẹ kó wo ọmọ láàárín ọdún 2 sí 2½. Ní Nàìjíríà, ojú òbí ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i bí ọmọ bá pẹ́ sọ̀rọ̀. Ibi yòówù kí ẹ wà, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ níbi tí kò ti rí yín, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é. Bí kò bá yíjú padà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ẹ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò etí, kódà bó bá yege èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n bí i, nítorí omi lè gbára jọ sínú etí lẹ́yìn òtútù.