Tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló máa san gbèsè rélùwéè

Ìyá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan jọ fa ọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́sí, láti Alágomẹ́jì títí a fi kọjá Abẹ́òkúta. Ìyá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ti wọ́n jù fún ọlọ́jà bíi tòun, ọmọ náà ní "Mọ̀mí, ẹ má bínú, ó ti kéré jù ni, ìyẹn ni rélùwéè ò fi lè dá dúró." Mi ò dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, ìgbà tí mo délé mo mú bírò, mo jókòó ti ìṣirò.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí gbèsè. Owó tí ìjọba àpapọ̀ yá lọ́wọ́ Exim Bank ilẹ̀ Ṣáínà fún ojú irin Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ bílíọ̀nù 1.267 dọ́là. Èlé ẹ̀ ò le, 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni lọ́dún, ogún ọdún ni wọ́n fi máa san gbogbo ẹ̀, ọdún méje àkọ́kọ́ sì jẹ́ èlé nìkan. Ẹni tó bá ti yáwó ní báńkì Nàìjíríà rí á mọ̀ pé èyí dẹ̀rọ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé dọ́là ni. Lọ́dún 2017, nǹkan bíi 305 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba, gbogbo gbèsè yẹn ò sì ju bílíọ̀nù 386 náírà lọ nígbà náà. Ẹ wá fi 1,500 náírà sí dọ́là kan ṣírò ẹ̀, ó di tírílíọ̀nù 1.9. Irin ò gùn sí i o, kìlómítà 157 yẹn náà ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ní June 2021, náírà wa ló ṣubú.

Kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀ kan kúrò nínú ojú owó yẹn, èlé nìkan jẹ́ bíi mílíọ̀nù 31 dọ́là lọ́dún, ìyẹn ju bílíọ̀nù 46 náírà lọ. Owó tí gbogbo èrò ọkọ̀ ojú irin san jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 2023 ńkọ́, Èkó sí Ìbàdàn, Àbújá sí Kàdúná, Warri sí Itakpe, pẹ̀lú àwọn irin àtijọ́? Nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin náírà ni. Ká ní wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì di ìlọ́po mẹ́wàá lọ́la, ká tún ní ẹnì kankan ò sá padà sí gáréèjì Ọ̀jọ́ta, kò ní san èlé ojú irin kan ṣoṣo! Ìdí tí mo ṣe sọ pé ìyá yẹn àti ọmọ yẹn ò jà síbi tí owó wà nìyẹn. Àpò ìjọba àpapọ̀ ni gbèsè yẹn ti ń jáde, èmi tí mi ò wọ̀ ọ́ lóṣù yìí wà lára ẹni tó ń san án, ẹni tó wà ní Ṣókótó tí ò rí i rí náà wà lára ẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Gbèsè tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ lókè òkun, mílíọ̀nù 28 dọ́là lọ́wọ́ World Bank lọ́dún 1958, torí rélùwéè ni! Òun ni wọ́n fi ṣe ojú irin láti Kuru nítòsí Jos lọ Máídúgùrì, bíi 640 kìlómítà, wọ́n parí ẹ̀ ní 1964 kí ẹ̀pà, òwú àti màlúù lè rọ́nà dé èbúté. Wọ́n yáwó, wọ́n ṣe é, wọ́n ò tọ́jú ẹ̀, epo rọ̀bì dé, gbogbo ẹrù bọ́ sórí tírélà, koríko sì hù lórí irin.

Ẹrù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní lókò, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, kòkó ló máa ń sọ, kò sọ ti èrò rí, ó ní tí àsìkò kòkó bá ti dé, àwọn ò ń sùn. Ní Íńdíà títí dòní, ẹrù ló ń mú bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rélùwéè wọn wọlé, òun ni wọ́n fi ń dín owó kù fún tálákà tó ń wọ̀ ọ́. Tiwa dà? Owó ẹrù tó wọlé ní 2023 kò tó ìdajì owó èrò. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fa irin tuntun yìí wọ èbúté Àpápá o, kọ̀ntéénà ogún lórí ọkọ̀ ojú irin kan, tírélà ogún ló kúrò lójú ọ̀nà yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtọ́jú. February 2022, dísù tán nínú ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn lójú ọ̀nà, tèrò tèrò. Àwọn tó ń jí irin tú ò sì sinmi. Owó dísù, owó spare parts, owó àwọn tó ń ṣọ́ irin, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìyẹn sọ́tọ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ojú irin tuntun, kí wọ́n sì gbé e jáde ní gbangba. Láti 1924 títí di 2016, Íńdíà máa ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì rélùwéè lọ́tọ̀ ni, gbogbo ìlú á jókòó ti rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gbọ́ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì ńlá báyìí, àmọ́ ó pé wọn fún ọdún tó lé ní àádọ́rùn-ún. Tiwa, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ètò ìrìnnà lèèyàn á ti máa wá a bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ẹrù ní Àpápá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tí tírélà ń gbà láti gbé kọ̀ntéénà kan dé Ìbàdàn fún mi, pẹ̀lú iye tí wọ́n máa gbà lórí irin. Ìṣirò yẹn ni mo fẹ́ ṣe tẹ̀lé èyí.