Ẹ̀bùn aláboyún: ohun tó wúlò nílé àti ohun tó wúlò ní Leeds

Láti ìgbà tí àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbọ́ pé àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti lóyún ní Leeds, Ìlú Ọba níbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè mí. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: kí ni ká fi ránṣẹ́ sí i? Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi nínú, nítorí ẹni tó bá rántí ẹni lẹ́yìn odi ti ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo bí àkọ́bí mi sí, Leeds ni mo bí èyí tó tẹ̀lé e sí, ohun tí ojú mi rí níbi méjèèjì kò jọra.

Nílé, bí oyún bá ti ń sún mọ́ oṣù ìbí, nọ́ọ̀sì á kọ ìwé lé aláboyún lọ́wọ́: òwú, Dettol, páàdì, ìbọ̀wọ́, abẹ, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, báfù, ọṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á gba ìwé yẹn wò, á mú nǹkan méjì mẹ́ta níbẹ̀, á lọ rà á. Ẹ̀bùn gidi ni. Ìyá ọkọ mi ló ra báfù àti rọ́bà tèmi, ẹ̀gbọ́n mi ra òwú àti Dettol, ẹrù sì pé kí oṣù tó pé. Ní Ìlú Ọba, ilé ìwòsàn ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú NHS, ìyẹn ètò ìwòsàn ìjọba níbí, kì í sanwó ìbímọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni oògùn tí dókítà bá kọ fún aláboyún, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú eyín rẹ̀ lọ́dọ̀ NHS, títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Aṣọ tirẹ̀, páàdì, páńpáàsì àti aṣọ ọmọ ni yóò gbé dání lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbé Dettol wọ bàálù.

Ibi tí èmi àti àwọn àgbà ti máa ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ jù ni àkókò tó yẹ ká fúnni lẹ́bùn. Nílé, a kì í pariwo oyún. Ìyá tó bá ra aṣọ ọmọ, jẹ́ẹ́jẹ́ ni yóò rà á, ìsàlẹ̀ àpótí ni yóò fi í sí. Ọjọ́ kẹjọ, tí a bá ń sọmọ lórúkọ, ni ẹ̀bùn ń wọlé. Níhìn-ín, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ á kó ara wọn jọ kó tó lọ sinmi, wọ́n á fún un ní káàdì tí gbogbo wọn ti fọwọ́ sí, wọ́n á kó aṣọ àti bàtà ọmọ fún un lójú gbogbo èèyàn. Fọ́tò irú rẹ̀ dé orí WhatsApp ìdílé wa, ìyá àgbà kan sì fohùn ránṣẹ́ tẹ̀rùtẹ̀rù: ta ní ń ra bàtà fún ẹni tí a kò tíì rí ẹsẹ̀ rẹ̀? Mi ò bá wọn jiyàn. Ojú wọn ti rí oyún tó wálẹ̀, ó ti rí ọmọ tí kò dúró. Ohun tí mo sọ ni pé kí ẹ̀bùn tó ń ṣáájú ìbí jẹ́ ti ìyá, kí ti ọmọ dúró de ọmọ. Gbogbo wọn fara mọ́ ọn.

Ti ìyá yẹn, oúnjẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété tí à ń jẹ ọkà ká tó mu ẹ̀kọ yangan, ibi yòówù ká wà, ọkà ló ń wá wa lọ́kàn. Àwọn èèyàn wa ń ta èlùbọ́ ní Leeds, àmọ́ ó lè ti pẹ́ nínú ọ̀rá. Kílò méjì èlùbọ́ tuntun láti ọjà Jagun, tó kúnná, tí wọ́n jọ̀ dáadáa, á dùn mọ́ aláboyún ju odidi àpótí aṣọ lọ.

Ẹ fi ìrù sí i, ṣùgbọ́n ẹ dì í bí ìyá mi ṣe ń dì í. Wọ́n á fi iyọ̀ díẹ̀ sí ìrù wooro, wọ́n á sá a sórí àtẹ nínú oòrùn títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Wọ́n á dà á sínú agolo Milo tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti nù gbẹ, wọ́n á ta ọ̀rá sẹ́nu agolo kí wọ́n tó dé e, wọ́n á tún fi ọ̀rá méjì wé e níta. Àárín èlùbọ́ ni wọ́n ń ki agolo náà bọ̀, wọn kì í fi sáàárín aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ bi aláboyún léèrè o. Ní oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, òórùn ìrù nìkan lè mú un bì.

Ẹ má fi pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ, kílíṣí tàbí wàrà ránṣẹ́. Òfin Ìlú Ọba kò gba kí èèyàn kó ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọlé láti Nàìjíríà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á dànù. Àgbo náà, ẹ jẹ́ kó dúró sílé: agbẹ̀bí ibí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì ní mọ bó ṣe máa bá oògùn mìíràn ṣe pọ̀. Amọ̀ tí àwọn aláboyún ń jẹ ńkọ́? Òjé, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead, lè wà nínú rẹ̀. Ìjọba ibí ti kìlọ̀ fún aláboyún nípa rẹ̀, nítorí òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Òjé náà ló wà nínú tìróò. Mo mọ̀ pé wọ́n lé tìróò sí wa lójú nígbà tí a wà ní kékeré, mo sì ń bẹ̀ yín tọkàntọkàn pé kí ó má kan ojú ọmọ yìí.

Aṣọ ọmọ pọ̀ níbí, kò wọ́n. Búláńkẹ́ẹ̀tì nínípọn àti ìrọ̀rí kò wúlò rárá, torí wọ́n ń kọ́ wa pé kí ìkókó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lórí ibùsùn tó tẹ́jú, tó le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, nínú yàrá tí kò móoru jù. Ohun tí kì í tètè yá láti rí ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni ọ̀já gígùn tó nípọn, òrí tó mọ́, àti bùbù àǹkárá tó ṣí níwájú fún ọmú fífún. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ rán.

Àga ọmọ inú ọkọ̀ ńkọ́? Nílé, àyà ìyá ni ọmọ ń wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Níhìn-ín òfin ló ní kí ọmọ jókòó sínú àga tirẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a wà nítòsí dáwó rà á, ká rà á ní tuntun.

Ọwọ́ ló wọ́n jù lọ. Nígbà tí mo bí àkọ́bí, ìyá mi ń wẹ ọmọ, ìyá ọkọ mi ń fi omi gbígbóná tọ́jú èmi fúnra mi, ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí ààrò. Ní Leeds, ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ mi fi sinmi, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Agbẹ̀bí ń wá sílé, ó ń ṣe dáadáa, àmọ́ kì í ro ọkà fúnni. Ìdí nìyẹn tí àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbí fi ti pín iṣẹ́: ẹnì kan á se ọbẹ̀ ata, ẹlòmíràn á ro ẹ̀fọ́, a ó bù wọ́n sínú ike kékeré, a ó kó o sínú fírísà rẹ̀ kó tó bímọ. Ẹ̀dọ̀ nìkan ni a kò ní fi sí i báyìí. Lóòótọ́, nílé wọ́n máa ń ní kí aláboyún jẹ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n NHS ní kí aláboyún yẹra fún un nítorí fítámì A tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń sọ pé ẹ ò lówó, ẹ ki oríkì ìdílé sórí fóònù, kí ẹ kì í délẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè ki í bíi tiyín níbí, ọmọ náà á sì dàgbà mọ̀ ọ́n.

Ní ti owó, ọjọ́ ìkómọ ni a máa ń dà á sílé ọlọ́mọ. Níhìn-ín, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lè sinmi fún ọ̀sẹ̀ 52, bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ti owó ìsinmi, ẹni tó bá ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ ni òfin ní kí wọ́n san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń gbà fún un, ọ̀sẹ̀ 33 tó tẹ̀lé e, ó máa ń wálẹ̀ gan-an fún ọ̀pọ̀ èèyàn, lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹ fi díẹ̀ sọmọ lórúkọ. Èyí tó pọ̀, ẹ fi pamọ́ di ìgbà tí ọmọ bá ti ń rá.