Ẹ̀yin Tó Ń Lọ sí Huaqiangbei, Ẹ Mú Tester Dání O!

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ti bàálù, ẹ jẹ́ n sọ ti MOSFET, ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná, tó sì ń pa á, nínú ẹ̀rọ. Huaqiangbei ni mo lọ, ní Shenzhen, lẹ́bàá ibodè Hong Kong, níbi tí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ti kún láti ìsàlẹ̀ ilé dé òkè.

MOSFET tí wọ́n ń pè ní IRF3205 ni mo ń wá, òun la fi ń to inverter. Datasheet rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ṣàlàyé agbára rẹ̀, ní 55V ni, 110A. Ọmọkùnrin tí mo kọ́kọ́ bá ń jẹun nínú páálí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó tẹ iye sórí calculator, ó tì í sí mi. Mo ní kó dín in. Ó pa á rẹ́ wéré, ó tẹ òmíràn. Owó ọ̀hún wálẹ̀ débi pé ara fu mí. Mo bá yọ tester, ẹ̀rọ tí mo fi ń dán ẹ̀yà wò, lápò. Gate capacitance ojúlówó, ìyẹn ìwọ̀n iná tí ẹsẹ̀ gate rẹ̀ lè gbà dúró, yẹ kó lé ní 3000 pF. Eléyìí ò ju 1100 lọ. Mo mú òmíràn, bákan náà ni. Irú èyí, tí iná gidi bá gba inú ẹ̀ kọjá, èéfín ló kù.

Mo fi hàn án. “Okay, okay,” ló wí, ló bá na ọwọ́ sábẹ́ káńtà, ó gbé ọ̀rá mìíràn jáde, iye tiẹ̀ sì fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti àkọ́kọ́ lọ! Ìyẹn yege lóòótọ́. Àṣé ó ti ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀, ojú oníbàárà ló ń wò. Inú bí mi, mi ò ra ẹyọ kan.

Ti bátìrì 18650 (bátìrì róbótó tó ṣeé chárjì) tí wọ́n kọ 9900 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, sí lára, ẹ̀rín ni mo fi rín. Ojúlówó gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3500.

Lókè ni mo ti wá bá ìyá kan tó ń ta MOSFET náà pàdé. Fóònù ló ń bá wa túmọ̀. Kí n tó yọ tester mi, ó ti gbé tiẹ̀ síta. Ó nawọ́ sí 2314 lórí lébẹ́lì, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 14 ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é, ó ní kí n fúnra mi ṣà á láàárín. Owó ẹ̀ le, kò sì dín kọ́bọ̀. Mo san án tayọ̀tayọ̀.

Ẹ má dán sample, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ, nìkan wò o. Inú ọ̀rá tí ẹ máa gbé lọ gan-an ni kí ẹ ti mú èyí tí ẹ máa dán wò. Kí ẹ sì ti ṣètò Alipay tàbí WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, láti ilé. Ti capacitor, ẹ̀yà tó ń gba iná pamọ́, tó kù kí n rà, ọwọ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ni màá ti rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò lókun àríyànjiyàn mọ́.