Ìpápánu tí ọwọ́ àwọn ọmọ tó

Láti aago méjì tí síkúùlù ń jáde títí tí oúnjẹ alẹ́ á fi jinná, àárín ibẹ̀ gan-an lebi ti ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ jù, kò sí ìyá tí kò mọ̀ ọ́n. Inú ilé ni mo ti ń ránṣọ níbí ní Badagry, kọ́sítọ́mà á wà lórí ìjókòó tó ń dúró, iná NEPA á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mi ò lè fi máṣíìnì sílẹ̀, àwọn ọmọ á sì wọlé tàwọn ti báàgì lẹ́yìn, "Mọ́mì, ebi ń pa mí." Èyí tó yá jù tí gbogbo wa mọ̀ ni ká nawọ́ owó sí wọn kí wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì, wọ́n á ra bísíkíìtì, wọ́n á ra súwíìtì àti omi aláwọ̀ tó wà nínú ọ̀rá, tó bá wá di alẹ́ wọ́n á kàn máa fi ṣíbí ro ìrẹsì kiri inú abọ́ ni, wọn ò ní lè jẹ ẹ́. Mi ò ní ká má ra bísíkíìtì fọ́mọ láéláé o, n tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe òun ló yẹ kó máa bá ebi ọ̀sán jà lójoojúmọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nílé mi rèé. Ṣẹ́ẹ̀fù rọ́bà kan wà ní kíṣìnì, ìpele ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ tàwọn ọmọ, màá ti to ìpápánu síbẹ̀ kí wọ́n tó dé, tí wọ́n bá dé wọ́n á bọ́ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ọṣẹ fọwọ́, àwọn fúnra wọn á bu n tó bá wù wọ́n sínú abọ́ kékeré, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ti pé ọdún méje, àbúrò ṣì jẹ́ mẹ́ta, àwọn méjèèjì ló sì ń ṣe é.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Ellyn Satter, ìmọ̀ oúnjẹ ọmọdé ni iṣẹ́ ẹ̀, òun ló là á kalẹ̀ lọ́nà tó yé mi jù: òbí ló ń yan oúnjẹ tó máa wà ńlẹ̀, òbí ló ń yan àsìkò àti ibi tí wọ́n á ti jẹ ẹ́, ọmọ ló wá máa pinnu bóyá òun á jẹ àti ìwọ̀n tí òun á jẹ. Ìyẹn nìkan náà ni. Torí ẹ̀ ni kíṣìnì mi kì í fi í ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n máa jẹ kiri, àsìkò ìpápánu wà lẹ́yìn síkúùlù, ó tún wà lówùúrọ̀ Sátidé tí wọ́n bá wà nílé, tí àsìkò bá ti kọjá màá kó abọ́ kúrò, omi nìkan ló máa kù níbẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ ò ní mọ ebi, kò sì ní mọ ìgbà tó yó.

Ìyá ọkọ mi ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn rárá. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń fọwọ́ ara ẹ̀ bu oúnjẹ láìtọrọ máa di olójú kòkòrò, wọ́n ní níbi tí wọ́n dàgbà sí, àgbà ló ń bu fún ọmọ. Mi ò bá wọn jiyàn torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ọmọ tí ò mọ̀ pé àwọn ẹlòmíì wà nínú ilé ṣòro ó gbé pẹ̀lú. Torí náà òfin wà níbi ṣẹ́ẹ̀fù yẹn: ẹ kọ́kọ́ kí ẹni tẹ́ ẹ bá nílé, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ lọ bu ìpápánu, ẹ ronú kan ẹnì kejì yín kẹ́ ẹ tó bu, tẹ́ ẹ bá sì ti jókòó, ẹ pe àgbà tó bá wà ńtòsí, "Ẹ wá bá wa jẹun o, mà." Ọjọ́ tí Màmá gbọ́ ọ lẹ́nu èyí kékeré tí wọ́n sì dá a lóhùn pé "Á gba ibi ire o," ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ díẹ̀. Wọn ò tíì sọ pé ó dáa o, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń bọ̀ láti Ajara báyìí, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń wà nínú àpò wọn, wọ́n á ní kí n kó o síbi tàwọn ọmọ.

Kí ló wá ń wà níbẹ̀? Badagry la wà, kò sí bí àgbọn ò ṣe ní ṣáájú. Bàbá dúdú tí wọ́n ń fi oje àgbọn àti ṣúgà sè, àdídùn ni, ẹ jẹ́ ká fi í sípò àdídùn. Àgbọn gan-an ni mò ń lò, ẹ̀gbọ́n lè rún un lẹ́nu dáadáa, èmi á gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ fún un, ṣùgbọ́n tàbúrò, màá rin ín lórí gíréétà kó fẹ́lẹ́, màá pò ó mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo tẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, torí ọ̀rá inú àgbọn kì í ṣe kékeré. Ẹ̀pà náà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀ gan-an: ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má fún un ní ẹ̀pà oníhóró, ó lè há a lọ́fun kẹ́ ẹ tó mọ n tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná, kẹ́ ẹ fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí búrẹ́dì fẹ́ẹ́rẹ́. Gúgúrú, súwíìtì líle, kárọ́ọ̀tì tútù tó nípọn, gbogbo wọn ló lè há ọmọ kékeré lọ́fun, kárọ́ọ̀tì tèmi máa ń bọ̀ lórí iná títí á fi rọ̀. Kẹ́ ẹ tó lọ ẹ̀pà, ẹ ṣà á, èyí tó bá ti bu, tó dúdú tàbí tó rún hunjọ, ẹ dà á nù, májèlé tí ìbu yẹn ń mú jáde ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan ẹ̀pà ò sì ní kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Àwọn èso tó bá wà lásìkò ni mò ń rà l'ọ́jà Àgbáláta, mi ò wá ápù àti gréèpù tó gun ọkọ̀ òfuurufú wá. Tí ìbẹ́pẹ bá dé, ìbẹ́pẹ. Tí máńgòrò bá dé, máńgòrò, àwọn méjèèjì ní n tí ara ń sọ di vitamin A tó ń ṣe ojú lóore. Tó bá di ìgbà ọyẹ́ tí agbálùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, màá là á, màá yọ gbogbo kóró ẹ̀ kí n tó gbé e síbẹ̀, kóró agbálùmọ̀ ń yọ̀, ọ̀fun ọmọ kéré. Ọsàn, màá bó o, màá gé e, màá yọ kóró, mo sì fẹ́ràn kó wà lọ́jọ́ tí mọ́ínmọ́ín wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀pà bá wà, torí vitamin C inú ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Ẹyin sísè ń wà, ànàmọ́ sísè náà ń wà.

Júùsì inú páálí, rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2015 pé ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ, pẹ̀lú èyí tó wà nínú oyin àti júùsì, kò gbọ́dọ̀ tó 10% gbogbo agbára tí ọmọ tàbí àgbà ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀, tó bá sì lè wálẹ̀ sábẹ́ 5% ó tún dáa sí i. Èso tí ọmọ fi eyín ara ẹ̀ jẹ ò sí lára ṣúgà tí wọ́n kà yẹn. Oyin ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, kódà ká ní ojúlówó oyin ìgàn ni.

Iná NEPA tí kì í dúró, tí fíríìjì ò fi ṣeé gbára lé, ló máa ń fẹ́ dojú ẹ̀ rú. Èso gígé àti oúnjẹ sísè ò yẹ kó wà níta ju wákàtí méjì lọ, tí ooru bá sì ti ju 32°C lọ, wákàtí kan péré, ẹ̀yin náà mọ bí ooru oṣù kẹta ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Torí náà mi ò kì í gé nǹkan kan láàárọ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí aago kan àbọ̀ kí n tó gé e, màá ti fi omi tó mọ́ fọ èso náà kódà èyí tí mo fẹ́ bó, torí ọ̀bẹ lè gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọnú, màá wá gbé abọ́ oníìdérí sínú kúlà kékeré tí omi dídì wà nínú ẹ̀. Ẹyin á wà nínú èèpo ẹ̀, inú kúlà náà ló ń wà, ọmọ á bó o fúnra ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á sì tibẹ̀ gbọ́n. Ní ti èèrà, mo gbé ẹsẹ̀ ṣẹ́ẹ̀fù yẹn sínú àwọn ike tí mo bomi sí, mò ń pààrọ̀ omi ẹ̀ kẹ́fọn má bàa yé ẹyin síbẹ̀.

Ẹ rí orúkọ Montessori tó wà lára bọ́ọ̀dù síkúùlù káàkiri yìí, dókítà obìnrin ará Ítálì ni, Maria Montessori, ó ṣí ilé ìwé kan fáwọn ọmọ òtòṣì sí ìlú Róòmù ní 1907, tábìlì àti àga tó bá ìwọ̀n ọmọdé mu ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àwọn ọmọ ló sì ń gbé oúnjẹ fúnra wọn. Ká ṣe irú ẹ̀ nílé ò gba owó. Abọ́ tí ìdérí ẹ̀ ò le jù, jọ́ọ̀gì kékeré tí omi ò kún, kọ́ọ̀pù rọ́bà, àkísà tó mọ́ tí wọ́n á fi nu n tó bá dà sílẹ̀. Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sí ìgò. Jíjókòó jẹun sì jẹ́ dandan, kò sí pé à ń sáré à ń jẹ ẹ̀pà, mo sì ń rí wọn láti ibi máṣíìnì mi, torí ọmọ tí nǹkan há lọ́fun kì í lè pariwo.

N tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni bí èyí kékeré ṣe ń dá ọwọ́ dúró. Á bu ìbẹ́pẹ, á jẹ ẹ́ dé àárín, á ní "mo ti yó," á bo abọ́. Mi ò ní kó jẹ ẹ́ tán. Wọ́n fipá jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa lá abọ́ mọ́ nígbà tá a wà lọ́mọdé, torí oúnjẹ wọ́n, mi ò sì bínú sí àwọn òbí wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ ohùn ikùn ara ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tí àsìkò ẹ̀ ò tíì kọjá, ẹ̀gbọ́n lè gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì ra ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti jọ́ọ̀gì omi sórí àpótí níbi tọ́wọ́ ọmọ tó, ẹ fi ọ̀bẹ la orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ kó lè rọrùn fún un láti bó, kẹ́ ẹ wá jókòó tì í, kẹ́ ẹ má bá a bó o.