Olórúkọ kọ́ ló lojú: ohun tí mo kọ́ lára ère àwọn ọba àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kà nípa ère àwọn ọba Íjíbítì àti Róòmù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kan nínú yín fi iṣẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n bá òun wò ó, mo kà á débi tó ti kọ ọ́ pé Augustus ọba Róòmù kú ní ọ̀dọ́ torí pé ojú ọ̀dọ́ ló wà lára gbogbo ère ẹ̀, àyà mi já, torí irú àṣìṣe tó bá mi gan-an nìyẹn. Ẹni ọdún 75 ni Augustus nígbà tó kú. Wọn ò kàn jẹ́ kó darúgbó nínú òkúta ni.

Ẹ jẹ́ n kà á ní méní méjì. Àkọ́kọ́, ojú ọba kì í ṣe fọ́tò. Ẹ lọ wo Senusret kẹta, ọba Íjíbítì, ní British Museum, ère mẹ́ta tí wọ́n wú jáde ní Deir el-Bahri: ojú ti wọnú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wálẹ̀, etí fẹ̀ gbàgẹ̀dẹ̀, àfi bí ẹni tí ò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá wo àyà àti apá, ara géńdé ni! Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe.

Ìkejì, ẹ má fi orúkọ tó wà lára ère nìkan ṣe ẹ̀rí. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ká mi mọ́ o.

Ọdún tí mo ń ṣe másítà, mo dìde níwájú kíláàsì, mo gbé fọ́tò ọ̀kan nínú àwọn sphinx Tanis tó wà ní Cairo síta, ìyẹn ère kìnnìún tó ní ojú èèyàn tí wọ́n rí ní ìlú Tanis ní Íjíbítì. Mo ti ń ka hieroglyph, ìyẹn àwòrán tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń kọ̀wé, nígbà yẹn, orí mi sì ń wú, mo ka orúkọ Ramesses kejì lára òkúta yẹn, ni mo bá fi odindi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé bí ojú yẹn ṣe fi agbára Ramesses hàn. Nígbà tí mo parí, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n ka èyí tó wà láyà ère náà. Psusennes. Ó ní òmíì ńkọ́? Merneptah. Ó ní ṣé ọba mẹ́ta ló ń lo ojú kan ni? Gbogbo kíláàsì pa rọ́rọ́. Àṣé ọba mìíràn, Amenemhat kẹta, ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, ó ju 500 ọdún lọ kí wọ́n tó bí Ramesses, àwọn yòókù kàn wá kọ orúkọ tiwọn sí i ni.

Olùkọ́ yẹn ti ka iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dọjọ́ yẹn o, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí di òní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa di olùkọ́ lọ́la, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ sọ fún un.

Àmọ́ ká sòótọ́, ká ní mo wo ojú yẹn dáadáa ni, ǹ bá ti mọ̀. Irun ọrùn kìnnìún ló yí ojú náà ká, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ẹnu le koko. Ère Ramesses tó jókòó ní mùsíọ́mù Turin ní Ítálì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú ẹ̀ ń dán, kò jọra rárá.

Ti Róòmù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ojú gan-an ni wọ́n ń tún gbẹ́. Nígbà tí wọ́n pa ọba Domitian lọ́dún 96, ọ̀pọ̀ orí ère ẹ̀ ni wọ́n sọ di Nerva, ọba tó jẹ tẹ̀ lé e, òkúta kì í sì í hù padà, torí náà ojú tuntun á kéré sí orí, etí á dà bí ẹni pé ó jìnnà sẹ́yìn, irun Domitian á ṣì kù lẹ́yìn ọrùn níbi tí àwọn èèyàn ò ní wò.

Ìwọ tó o fi iṣẹ́ ránṣẹ́, orí Nerva tó o lẹ̀ mọ́ ojú ìwé 12, iwájú ẹ̀ nìkan lo fi hàn mí. Lọ wá fọ́tò ẹ̀yìn orí yẹn kó o tó fi èyí tó kù ránṣẹ́.